Igun Lẹ́tà Tí Mo Fá Kúrò

Ẹ̀yin tí mo kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn Júù ní ìlú wa, dókítà ti sọ fún mi pé kí n má ka oṣù mọ́. Ohun tí mo ti fi pa mọ́ fún yín láti ọdún mọ́kànléláàádọ́ta, èmi kò fẹ́ gbé e wọ ilẹ̀.

Ẹ mọ̀ mí sí Morá Frida, ìyẹn Olùkọ́ Frida, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kí n tó di olùkọ́, lọ́sàn-án mo ń rán ṣòkòtò ní ìsọ̀ télọ̀, lálẹ́ mo ń lọ kọ́ Hébérù. Ọdún mẹ́rin ni mo fi rin kìlómítà mẹ́fà lọ, mẹ́fà bọ̀, nínú bàtà tí mo fi páálí tẹ́ nínú. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mọ́kànlá nígbà tí ipò ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ṣí sílẹ̀ ní ọdún 1958. Ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ lọ mú Noemí Waisberg, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, wá láti Buenos Aires, olú-ìlú orílẹ̀-èdè wa. Ó ní ìwé-ẹ̀rí, èmi kò ní.

Èmi a máa pe ọjọ́ ìsinmi wa ní “Shabes”, bí àwọn bàbá wa ṣe ń pè é. Noemí ní “Shabat” ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ọmọ kan sọ fún mi pé, “Morá, ìyá ìyá mi ló ń sọ ọ́ bẹ́yẹn. Ṣé ẹgbẹ́ ni yín ni?” Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì gbé ìbínú náà lọ sílé.

Rábì kan fẹ́ wá bẹ̀ wá wò. Noemí ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ kan sórí páálí nínú Shemá, àdúrà tó sọ pé Olúwa jẹ́ ọ̀kan. Malke Sokolinsky, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló kọ “ehad”, ìyẹn ọ̀kan. Ẹ rántí pé igun kékeré ẹ̀yìn orí dálet, lẹ́tà tó parí ọ̀rọ̀ náà, nìkan ló yà á sọ́tọ̀ sí lẹ́tà résh. Bí igun náà bá ti lọ, “ehad” di “aher”: Olúwa di òmíràn.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ìbẹ̀wò náà, nígbà tí gbogbo ìlú ń sun oorun ọ̀sán, mo wọ kíláàsì, mo sì fi abẹ fá igun náà kúrò. Mo fẹ́ eruku rẹ̀ dànù. Irú ẹni tí mo jẹ́ nìyẹn.

Rábì kà á, ó sì fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà náà. Don Leizer, alága ìgbìmọ̀, ní, “Ọmọge, Ọlọ́run wo lo wá fi han àwọn ọmọ wa? Ṣé ti Buenos Aires ni?” Noemí ní òun yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, igun wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí n lọ bi ọmọ náà léèrè, nítorí pé ohùn mi tutù.

Ibi tó burú jù nìyí. Malke wò mí lójú.

“Morá, mo fi igun sí i. Morá Noemí fi ìka kàn án, wọ́n ní ó dára.”

Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá gbọ́ èyí, wọ́n á yẹ páálí náà wò, wọ́n á sì rí ibi tí abẹ ti fá a. Mo sọ fún un pé tó bá ń jiyàn, ojú á ti bàbá rẹ̀ nínú sínágọ́gù. Kó sọ pé òun gbàgbé, pé olùkọ́ òun kò wò ó.

“Ṣùgbọ́n irọ́ nìyẹn, Morá.”

“Kí lo mọ̀ nípa irọ́?”

Ó lọ sọ ọ́ níwájú wọn pẹ̀lú ẹkún. Noemí ní, “Ẹ fi ọmọ náà sílẹ̀. Mo ń lọ.” Ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́bọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó sórí àga rẹ̀.

Láti ìgbà náà, Malke kò kọ dálet mọ́. Ibi tó bá yẹ kó wà, àyè òfìfo ló máa ń fi síbẹ̀. Bàbá rẹ̀ fi pátákó na ìka rẹ̀. Èmi tí mo mọ ìdí rẹ̀ fi yíǹkì pupa fa ìlà sí àwọn àyè náà, mo sì ń yọ máàkì rẹ̀. Nígbà tó pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó fi ilé-ẹ̀kọ́ wa sílẹ̀. Noemí ti kú ní Rosario. Malke wà ní Córdoba, mo sì gbọ́ pé kò jẹ́ kí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ kankan ṣí ìwé Hébérù.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ ọmọdé lónìí, bí ọmọ bá ní òun ṣe é dáadáa, ẹ kọ́kọ́ gbà á gbọ́.

Malke, èmi ni mo kọ́ ọ ní irọ́ tó o pa. Bó o bá lè dárí jì mí, jọ̀wọ́. Bó ò bá lè ṣe é, kórìíra èmi nìkan. Àwọn lẹ́tà náà kò ṣẹ̀ ọ́. Jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ kọ́ wọn.