Àbúrò Mi Kò Gbà Ká Dá Orin Gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ìjókòó ò kárí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún mọ́ ojú fèrèsé kẹ́ ẹ lè gbọ́ mi. Èmi ni ẹ̀gbọ́n olóògbé. Ìyá kan náà ló bí wa, iṣẹ́ kan náà la sì kọ́, iṣẹ́ irun ṣíṣe. Òun ló yẹ kó dúró síbí kó máa sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú tèmi. Ó tún ti ṣe é bó ṣe máa ń ṣe é, ó yí ètò padà láì bi ẹnikẹ́ni.

Mo ti gbọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ láti ìgbà tá a ti jókòó. Ẹ ní èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ta ni jẹ́jẹ́? Ẹ̀yin oníbàárà rẹ̀ tẹ́ ẹ sọ ọ́ ní Gbé-e-sókè, ṣé torí pé ó jẹ́ jẹ́jẹ́ lẹ ṣe sọ ọ́ bẹ́ẹ̀? Bí orin bá ti dùn mọ́ ọn, á ké sí ẹni tó bá sún mọ́ ẹ̀rọ pé, "Gbé e sókè." Bó ti wù kí orí máa fọ́ ọ tó, kò kàn án. Àbúrò mi kì í ṣe jẹ́jẹ́. Olórí kunkun ni. Mo fẹ́ràn rẹ̀, inú sì ń bí mi sí i, títí di bí mo ṣe dúró yìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún yín.

Nígbà tá a kọ́kọ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù wa, dìráyà kan ṣoṣo la fi ń gbẹ irun àwọn èèyàn. Mo ní ká ra èkejì. Kí n tó yíjú, àbúrò mi ti gbé ẹ̀rọ tó ń kọ àwo orin wọlé, ti àwọn àwo dúdú ńláńlá ayé ìgbà yẹn. Mo ní, "Ṣé èyí ló máa gbẹ irun wọn?" Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ orin ò ní mọ̀ pé òun ń dúró."

Bẹ́ẹ̀ ló sì rí. Orin ìgbà yẹn gùn. Ojú kan àwo á máa lọ, á máa lọ, olórin á kí tẹbí tọ̀rẹ́, onígìtá á ṣe tiẹ̀, èmi á ti di irun dé ìdajì orí kí ẹ̀rọ tó dákẹ́. Àwọn tí ò wá ṣe irun á dúró sójú fèrèsé. Awakọ̀ á pa ọkọ̀ rẹ̀ síwájú wa, á ní èrò lòun ń dúró dè. Irọ́ ni, orin ló ń gbọ́. Bí àwo tuntun bá jáde, ọ̀dọ̀ wa ni àdúgbò ti ń gbọ́ ọ. Ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀ á sọ ọ́ lójú gbogbo wa, ariwo á bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ orin kan náà ni wọ́n jọ ń jà lé lórí.

Kásẹ́ẹ̀tì dé. Ẹ̀yin àgbà, ẹ ò ní gbàgbé bí ẹ̀rọ ṣe máa ń jẹ okùn kásẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ kan, ó fa ọ̀kan já, orin tí gbogbo obìnrin àdúgbò fẹ́ràn jù lásìkò yẹn. Àbúrò mi jókòó tì í, ó gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, ó fi kútẹ́ẹ̀sì tá a fi ń kun èékánná lẹ ìyókù pọ̀. Ó ń kọ, ṣùgbọ́n tó bá dé ibì kan, á fò. Ìlà kan nínú orin náà ti lọ. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀: gbogbo àdúgbò ló kọ́ orin yẹn pẹ̀lú bó ṣe fò. Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ lọ sílé ìwé, wọ́n ń fò ó. Ẹni tó ń fọṣọ ń kọ ọ́, ó ń fò ó. Nígbà tó yá tí olórin náà kọ ọ́ lórí rédíò ní pípé, oníbàárà tó wà lábẹ́ ọwọ́ mi ní, "Bàbá yìí ti ń darúgbó o, ó ti ń fi ohun tí kò sí níbẹ̀ kún orin rẹ̀." Àbúrò mi rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni sídìì, lẹ́yìn náà ni tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń wo àwọn olórin bí wọ́n ṣe ń jó. Orí ò dúró mọ́. Bí mo bá la irun, oníbàárà ti yí ọrùn, ó fẹ́ wo aṣọ tí ọmọge kan wọ̀ nínú fídíò. Orin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Kó o tó gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ó ti tán, wọ́n ti fi òmíràn sí i. Àbúrò mi ń kùn, ṣùgbọ́n ó fara dà á, torí pé a ṣì jọ ń gbọ́ ọ, a ṣì jọ ń bú u.

Àfìgbà tí fóònù dé tòun ti íápíìsì, nǹkan kékeré tí wọ́n ń kì bọ etí yẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹ̀yin lẹ ṣe é. Ẹ ó wọlé, ẹ ó jókòó, ẹ ó di etí yín pa. Àbúrò mi á ní, "Ẹ káàbọ̀, àwọn ọmọ ńkọ́?" Ẹ ó mi orí. Ó rò pé òun lẹ ń dá lóhùn, orin lẹ ń mi orí sí. Ṣọ́ọ̀bù á kún fọ́fọ́, kò ní sí ohùn kankan níbẹ̀ àfi ti dìráyà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ni wáyà tó wà lára ògiri gbiná. Kì í ṣe iná ńlá, ṣùgbọ́n èéfín rẹ̀ dúdú, ó sì pọ̀. A pariwo, a sá jáde. Ìgbà tá a dé òde la tó rí i pé òṣìṣẹ́ báńkì kan ò sí láàárín wa. Ó wà nínú lọ́hùn-ún, ó fẹ̀yìn ti àga, ó dijú, ó di etí, orin ń dún sí i lágbárí, kò gbọ́ igbe kankan. Mo di aṣọ àbúrò mi mú. Mo ní, "Má wọlé." Ó já ara rẹ̀ gbà, ó wọnú èéfín yẹn lọ, ó fa obìnrin náà jáde tòun ti rólà tá a fi ká irun rẹ̀ lórí. Ọwọ́ ọ̀tún àbúrò mi bó. Àpá náà wà níbẹ̀ títí a fi tẹ́ ẹ síbi tó wà yìí. Obìnrin yẹn jókòó láàárín yín. Ó ti ń sunkún láti ìgbà tó ti wọlé.

Lọ́jọ́ kejì, àbúrò mi fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri gàdàgbà: Ẹ má di etí yín níbí.

Mo pè é sẹ́yìn ilé. Mo ní, "Pa nǹkan yẹn rẹ́. Àwọn oníbàárà máa sá."

Ó ní, "Kí wọ́n sá."

"Etí wọn kì í ṣe tiwa. Irun ni wọ́n bá wá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá jẹ́ irun nìkan ni, kí wọ́n bọ́ orí sílẹ̀ fún wa, kí wọ́n padà wá gbé e nírọ̀lẹ́."

"Wọ́n máa sọ pé orí ẹ ò pé."

"Ẹni tó ń gbọ́ orin nínú ilé tó ń jóná ńkọ́, ṣé tiẹ̀ pé?"

Wọ́n sá lóòótọ́. Èmi náà kó ẹrù mi, mo lọ ṣí tèmi sí ìkòríta. Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo ní ọmọ tí mò ń tọ́, ó sì yẹ kí ọwọ́ ẹnì kan nínú wa máa dí. Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ mi, kálukú ń gbọ́ tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀. Ó dákẹ́ bí ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà. Lọ́dọ̀ rẹ̀, ìwọ̀nba ìyá àgbà tó ṣẹ́ kù ń torí orin bú ara wọn, ẹ̀rín wọn ń jáde dé títì. Tí mo bá ń kọjá lọ sílé, màá gbọ́ wọn. Màá yára kọjá.

Nígbà tí àìsàn dé, mo ní kó pa ṣọ́ọ̀bù tì kó sinmi. Kò gbọ́, àfìgbà tó ṣubú lulẹ̀ níbẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù tí wọ́n gbé e lọ, gbogbo aláìsàn ló di etí. Kò pẹ́ tí nọ́ọ̀sì fi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Mà, ẹ bá wa bá àbúrò yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dìde lórí ibùsùn, wọ́n ń fọwọ́ kan àwọn èèyàn léjìká, wọ́n ń bi wọ́n pé kí lẹ ń gbọ́."

Mo fi ìbínú lọ bá a. Mo ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ jáde ni?" Obìnrin tó wà lórí ibùsùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, àwọn nìkan ló bi mí ní nǹkan tí kì í ṣe ibi tó ń dùn mí."

Mo fa àga, mo jókòó. Inú ṣì ń bí mi.

Láàárọ̀ òní, mo ní kí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó tọ́ dàgbà mú orin tá a máa gbọ́ níbi ìjókòó yìí. Kálukú yọ fóònù. Èyí àgbà mú tiẹ̀ wá, àwọn yòókù ò gbọ́ ọ rí. Èkejì mú tiẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ariwo lásán ni. Mo bi wọ́n pé, "Èwo ni gbogbo yín mọ̀?" Wọ́n ń wo ara wọn. Mo dá ọ̀kan nínú tiwa, wọ́n ń wò mí bí ẹni ń wo àlejò. Gbogbo orin ayé ló wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò rí ẹyọ kan. Ìdí nìyẹn tí ilé yìí fi pa rọ́rọ́. Ẹ má rò pé ọ̀wọ̀ olóògbé la fi dákẹ́. A ò rí orin tí tọmọdé tàgbà wa jọ mọ̀ ni.

Mi ò tíì gbà pé àbúrò mi jàre. Ohun tó kọ sára ògiri yẹn lé iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti àárọ̀ ni mo ti ń wá ohun tí mo fẹ́ fi dá a lóhùn, mi ò rí i.

Ọmọ ìyá mi, máa lọ. Kí ọ̀nà là fún ẹ. Bá mi kí bàbá, bá mi kí ìyá. Sọ fún wọn pé mo ń bínú. Tí wọ́n bá bi ẹ́ nídìí, sọ fún wọn pé ẹ̀gbọ́n rẹ ní kò yẹ kó o ṣáájú òun. Wọ́n mọ̀ wá, wọ́n á bá wa parí ẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní jókòó báyìí. Àbúrò mi ò ní jáde nínú ilé yìí láàárín ìdákẹ́jẹ́. Kí ẹnì kan dá orin. Èyíkéyìí tó bá wá sí i lẹ́nu. Kó rọra kọ ọ́, àwa yòókù á kọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.