Omi Tí Wọn Ò Wọ́n Sí Sílìn

Orí ìlà ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní Missouri City l'Amẹ́ríkà, tí ìyá ọlọ́mọ kan ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí ọ̀dà wà lára aṣọ ẹ̀.

"Bọ̀dá, ọ̀dà wo ló dáa fún sílìn? Mo ha ohun tí wọ́n fi rẹ́ sílìn wa, tó rí wúruwùru bíi gúgúrú, kúrò lánàá. Ọ̀rinrin ti sọ ọ́ di dúdú."

"Ṣé ilé àtijọ́ ni? Asibẹ́sítọ́ọ̀sì, èròjà ìkọ́lé tí eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ, lè wà nínú ẹ̀ o. Ṣé ẹ wọ́n omi sí i kẹ́ ẹ tó ha á?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ohun tí màámi sọ nìyẹn. Mo ní, 'Màámi, ọ̀rinrin ló ń dà wá láàmú, ẹ tún fẹ́ da omi sí i!' Fáànù ni mo tàn sí i kó lè gbẹ."

"Fáànù kẹ̀? Háà, Àǹtí! Eruku yẹn tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró, kì í jáde mọ́. Nílé wa, ta ló ń gbá àgbàlá gbígbẹ láìwọ́n omi?"

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ obìnrin náà. Ó fa fóònù yọ, ó pe màmá ẹ̀ nílé.

"Màámi, ẹ gbé ọmọ jáde! Ẹ má gbálẹ̀ o!"

Gbogbo wa gbọ́ ohùn màmá náà. "Mo ti gbá a tán. Má bínú, mo wọ́n omi sí i."