Ọjọ́ tí Lámídì Ṣọ́ Ilé Láìdé Fìlà

Nígbà tí eyín mi ṣì pé lẹ́nu, tí orúnkún kò tíì máa bá mi jiyàn, orí ìdúró la ti ń wo bọ́ọ̀lù o. Kì í ṣe bíi tiyín yìí, tí ẹ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ ń pariwo mọ́ fóònù. Ta ló ń gbọ́ yín nínú fóònù yẹn? Ẹ gbé e sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Lámídì. Ẹ kò bá a láyé. Òun ni gólì ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ìlú wa, Ọ̀wọ̀, òun ló ń ṣọ́ ilé. Ó ga, ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ọ̀pá tí a fi ń ká ọsàn. Lọ́dún kan, wọ́n wọ ìdíje ife-ẹ̀yẹ gbogbo Nàìjíríà, èyí tí ẹgbẹ́ kékeré lè bá ẹgbẹ́ ńlá pàdé, tí ẹni tí wọ́n bá nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á di ẹrù rẹ̀ lọ sílé. Wọ́n na èyí, wọ́n na tọ̀hún... àfi bí wọ́n ṣe ní ẹgbẹ́ ńlá kan ń bọ̀ wá bá wọn l'Ọ́wọ̀. N ò ní dárúkọ ìlú wọn, kí ẹ má lọ máa bá ọmọ wọn jà.

Bàbá wa ńkọ́? Télọ̀ ni, láàárín ìlú, nítòsí mọ́ṣáláṣí. Kò fẹ́ràn bọ́ọ̀lù rárá. Ó pe Lámídì, ó ní, "Bọ́ọ̀lù kò rán ṣòkòtò fún ẹnikẹ́ni rí. Bí wọ́n bá nà yín, ó parí nìyẹn, wá jókòó sídìí màṣíìnì. Bí ẹ bá nà wọ́n, máa bá bọ́ọ̀lù rẹ lọ, n ò ní sọ̀rọ̀ mọ́." Èdè Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́ o, èmi ni mò ń tún un sọ fún ẹ̀yin ọmọ Èkó. Lámídì kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Lámídì, tí í jẹ ìkòkò tán!

Àsìkò Igogo, ọdún ìbílẹ̀ wa, ni eré náà bọ́ sí. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Bí Igogo bá ti wọlé l'Ọ́wọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lùlù, ọkùnrin kò gbọdọ̀ dé fìlà, obìnrin kò gbọdọ̀ wé gèlè. Agogo nìkan là ń lù. Bẹ́ẹ̀ náà ni títí dòní.

Kápténì ẹgbẹ́ wa, tíṣà kan láti Àkókó, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n ó gbàgbé. Òun ló mú ibi tí wọ́n máa kọ́kọ́ dúró sí. Ó ní kí àwọn àlejò kọ́kọ́ kọjú sí oòrùn, kó rẹ̀ wọ́n. Ọlọ́gbọ́n! Kò rántí pé bó bá di ìdajì kejì, oòrùn á ti wálẹ̀, ojú gólì tiwa gan-an ló máa wọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, Lámídì á fa fìlà rẹ̀ bojú, á máa ṣeré lọ. Fìlà dà nígbà Igogo?

Ọmọ Ìpele kan, ìlú tó wà nítòsí wa, ti jẹ góòlù kan fún wa kí wọ́n tó sinmi. Ẹ wo ayọ̀! Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe padà wọlé báyìí, Lámídì fọwọ́ bojú, ó ń ṣẹ́jú. Ó ké sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pé, "Sàfú, n ò rí nǹkan kan o!"

Ìyá kan láti Ìdóàní dúró tì mí, oníṣòwò ni. Ó ní, "Bí kò bá ríran, ṣé kò gbọ́ràn ni?" Bí bọ́ọ̀lù ṣe dé ọ̀dọ̀ wa, ó lu agogo Igogo tó mú lọ́wọ́, bí àwọn èrò ìwòran ṣe mú tiwọn wá. Ó ti yé mi! Mo sáré yí pápá ká, mo ń sọ fún wọn pé ibi tí bọ́ọ̀lù bá dé ni kí agogo ti dún, kí àwọn yòókù dákẹ́. Ẹ wá gbọ́ nǹkan! Bọ́ọ̀lù gba apá òsì, kon kon kon. Ó gba apá ọ̀tún, kon kon kon. Lámídì ń fi etí ṣọ́ ilé! Ó ń fò bí ọ̀bọ, ó ń mú un. Àwọn àlejò lọ bá rẹfirí, wọ́n ní ariwo pọ̀. Rẹfirí ní, "Wọn kì í pariwo nílùú yín ni?"

Àfi ìgbà tí eré kù díẹ̀ kó parí, tí ẹnìkan tiwa fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Pẹnáritì! Bọ́ọ̀lù wà láàárín gbùngbùn. Agogo ta la fẹ́ lù? Gbogbo wa dákẹ́... Ìgbà yẹn ni ohùn kan jáde lẹ́yìn mi: "Lámídì! Mo wà níbí o! Mo wà níbí!"

Mo bojú wẹ̀yìn. Bàbá wa! Tépù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, òwú ló kún ara aṣọ. Lámídì kò lè rí i, oòrùn wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ. Mo rí i tó rẹ́rìn-ín, tó wá di ojú méjèèjì pátápátá.

Ó ní ìró ẹsẹ̀ ẹni tó gbá a lòun gbọ́ tóun fi fò. Àyà ni bọ́ọ̀lù ti bà á, ó sì dì mọ́ ọn bí ọmọ tuntun.

Hà, a jó! Bàbá ní òun fẹ́ pọn ọmọ tó ga jù ú lọ, àwọn méjèèjì ṣubú sínú koríko. Nígbà tó yá, wọ́n nà wá nínú èyí tó tẹ̀lé e, nílé onílé, bẹ́ẹ̀ fìlà wà lórí Lámídì lọ́jọ́ yẹn. Ta ló ń ka ìyẹn? Bàbá kò tún dárúkọ màṣíìnì fún un mọ́ títí tí Bàbá fi kú.

Nísinsìnyí, pápá ti ṣófo. Ẹ mọ orúkọ gólì òyìnbó, ẹ kò mọ orúkọ ọmọ tó ń ṣọ́ ilé n'Ípele... Ó ń dùn mí. Ẹ̀yin náà á bímọ. Bí ọmọ yín bá ń ṣe nǹkan, bí kò tilẹ̀ yé yín, ẹ lọ dúró níbẹ̀, kí ẹ pè é lórúkọ. Ó lè má rí yín o. Kó ṣáà gbọ́ ohùn yín.