Èmi Ni Mo Yọ Àpótí Náà Kí Wọ́n Tó Ṣílẹ̀kùn

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, n kò sọ ọ́ fún àlùfáà, n kò sọ ọ́ fún àbúrò mi Sẹlẹsitínì tí a jọ ń sùn nínú yàrá kan. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń jẹ mí nínú. Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ kí n búra. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Ọdún mẹ́ta péré ni mo ṣe ní ilé ìwé, ẹ má wo ìkọ̀wé mi.

Arúgbó obìnrin ni mí, lọ́nà Idigny ni mo ń gbé. Mo ń gbálẹ̀ ní ilé kan tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà. Ọmọ kan ṣoṣo tó yè fún mi ni Ròsálì. Ó kú sí Gàbọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí, n kò rí ojú oórì rẹ̀ títí di òní. Ó fi ọmọbìnrin kan sílẹ̀, Ayọ̀délé, tó wà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, Ìsíàkà, níbẹ̀ náà. Nígbà tí Ìsíàkà kó ẹrù Ròsálì ránṣẹ́ sí mi, bàtà rẹ̀ wà níbẹ̀, aṣọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àpótí dúdú kékeré kan tó ní ìwo méjì náà wà níbẹ̀.

Rájì tó ń tún pọ́tábù, ìyẹn fóònù, ṣe ní ọjà Kétu ló sọ ìwúlò rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Ìyá, ṣé íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbi tí ẹ ti ń gbálẹ̀? Ẹ kàn ti okùn rẹ̀ bọ ibi tí okùn àwọn ẹ̀rọ yòókù wọ̀, á máa fọ́n ọn dé inú pọ́tábù yín. Ẹ ó máa rí ojú ọmọ ọmọ yín nínú pọ́tábù lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. N kò bi ẹnikẹ́ni. Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí gbogbo okùn parí sí ni mo fi sí, níbi tí mo ń kó garawa àti ìgbálẹ̀ mi sí. Nígbà mìíràn àwòrán á wá, nígbà mìíràn kò ní wá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Ayọ̀délé, ó ní, "Màmá, ẹ yí pọ́tábù yín dáadáa, imú yín nìkan ni mò ń rí!" Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Màtíà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé yẹn, òun náà ló ń tún ẹ̀rọ wọn ṣe. Ó ti ṣàlàyé fún mi rí pé àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké orí tábìlì kò ní nǹkan kan nínú. Bí a bá tàn wọ́n, ṣe ni wọ́n máa ń ké sí ẹ̀rọ ńlá kan tó wà ní igun. Òun ló ń dá wọn lóhùn, òun ló ń fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi jí. Ó ní Líńúsì ni orúkọ ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ńlá náà.

Ọ̀sẹ̀ tí mo fi àpótí yẹn síbẹ̀ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ọmọ náà, ẹ̀rọ Bàlíkísù jí, ti Jérómù kò jí. Lọ́jọ́ kejì, ti Jérómù jí, ti Bàlíkísù dúró sí ojú dúdú pẹ̀lú lẹ́tà funfun. Ṣékínátù á kọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tó fi ń wọlé, á dúró títí, ẹ̀rọ á tún dá a padà síbi tó ti kọ orúkọ. Màtíà pààrọ̀ okùn. Ó gbé ẹ̀rọ tábìlì yìí lọ sórí tábìlì yẹn. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan, kò jẹun ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kan ó jókòó tì mí. Ó ní, "Ìyá Ròsálì, nǹkan mìíràn ń dá wọn lóhùn nínú ilé yìí. Ó ń yára ju ẹ̀rọ ńlá wa lọ. N kò kàn tíì rí i ni. Ẹ bá mi gbàdúrà." Mo ní àmín. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé àpótí mi ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ mi wà nìyí. Pé mo fi àpótí síbẹ̀, àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n Màtíà béèrè kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù lọ́wọ́ mi. Ó wà ní ìdí ìró mi. Mo ní mo gbàgbé rẹ̀ sílé. Ó lọ pe Dirẹtọ̀ wa, Alẹsíì, kó wá fojú ara rẹ̀ rí bí àwọn ẹ̀rọ ṣe ń ṣe. Kí wọ́n tó dé, mo ti yọ àpótí náà, mo fi aṣọ ìnulẹ̀ wé e, mo gbé e sínú garawa. Mo wá ní mo ti rí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, kò sí nǹkan kan. Wọ́n tan àwọn ẹ̀rọ, gbogbo wọn jí.

Dirẹtọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Nǹkan mìíràn ń dáhùn? Àǹjọ̀nú ni àbí kí ni? Màtíà, lọ sùn jàre." Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè é ní Màtíà Aláǹjọ̀nú. Bí wọ́n ti jáde, mo dá àpótí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí n kò jáwọ́. Ohùn Ayọ̀délé dà bíi ti ìyá rẹ̀. N kò ní àwíjàre mìíràn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, àwọn kan wá láti Pobè láti dán àwọn ọmọ náà wò. Ayọ̀délé ti ní òun á pè mí lọ́jọ́ yẹn, kí n rí òun nínú aṣọ ilé ìwé. N kò yọ àpótí náà. Ẹ̀rọ mẹ́rin péré ló jí. Wọ́n dúró títí di ọ̀sán, wọ́n lọ. Níwájú gbogbo àwọn ọmọ ni Dirẹtọ̀ ti lé Màtíà. Ó ní, "O bà wọ́n jẹ́ kí a lè máa bẹ̀ ọ́!" Màtíà kọjú sí mi. "Ìyá Ròsálì, ẹ̀yin rí bí mo ṣe ń wá a." Mo tẹ orí mi ba, mo ń gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Ẹ̀rù bà mí, mo gbé àpótí náà lọ sílé. Láti ìgbà náà, kò sí ẹ̀rọ kan tó kọ̀ láti jí. Ohun tí gbogbo ènìyàn sì fi dá a lẹ́bi nìyẹn: "Ẹ ò rí i? Ó lọ, wọ́n sàn!"

Oko ẹ̀gẹ́ ni Màtíà ń ro báyìí ní Adakplamè. Kò sẹ́ni tó gbà á síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀, Àlíìsì, kò dákẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà. Wọ́n ní gbogbo àwa tí à ń wọ ilé yẹn ni kó wá búra ní Jímọ̀, ẹni tó fẹ́ Bíbélì, ẹni tó fẹ́ irin. Mo mọ Bàbá Ògúnníyì, tó búra èké nígbà tí mo wà lọ́mọge. Mo mọ orúkọ àwọn ọmọ tó sin lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ wo ló kù fún mi bí kò ṣe Ayọ̀délé?

Bí mo bá sì sọ òótọ́, Àlíìsì yìí kan náà ni yóò gbọ́ pé èmi ni mo ba ọmọ rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí ìròyìn ikú Ròsálì dé, òun ló bá mi jókòó lórí ẹní. Ó wẹ̀ mí. Ó ń fi ẹ̀kọ sí mi lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́.

Lánàá ló wá sílé. Ó ní, "Èmi ni mo máa kọ́kọ́ búra. Orí mi ni mo máa fi búra pé ọmọ mi kò jẹ̀bi. Ìwọ ni kí o dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí n má baà ṣubú." Mo ní mo gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n lọ bá a nínú ilé rẹ̀ kí Jímọ̀ tó dé? Àbí kí n sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé, kí àwọn tó pe ọmọ rẹ̀ ní aláǹjọ̀nú lè gbọ́? Ẹ má ní kí n dákẹ́. Mo ti dákẹ́ tó. Ẹ bá mi bẹ Màtíà, bí ó bá wà lára ẹ̀yin tó ń ka èyí.

Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Àlíìsì ní kí n má fi orúnkún tó ń dùn mí yìí rìn lọ síbi ìbúra ní Jímọ̀. Ó ní Màtíà ló máa wá fi alùpùpù gbé mi.