Ìlà Awọnlẹ̀

Níbi tí a ti ń dúró de ọ̀kadà ní Daagbé, àgbẹ̀ kan jókòó nítòsí mi, ọmọbìnrin rẹ̀ tó wọ kakí ilé ìwé ń ṣírò lẹ́yìn ìwé ilẹ̀ wọn.

"Papa, ìlà tí awọnlẹ̀ fà fún àwọn tó ra igun ilẹ̀ wa rèé: 2x + 3y = 60. Láti igun yẹn, ẹ̀gbẹ́ títì ni x, ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀pẹ tò sí ni y. Tí mo bá sọ y di òdo, ìlà gé títì ní mítà ọgbọ̀n. Tí mo bá sọ x di òdo, ó gé ọ̀pẹ ní ogún."

"Sàréè ìyá rẹ ńkọ́?"

"Mítà mẹ́wàá sí títì, mẹ́wàá sí ọ̀pẹ. Ìlọ́po méjì mẹ́wàá àti ìlọ́po mẹ́ta mẹ́wàá, àádọ́ta ni, kò tó ọgọ́ta tó wà lórí ìlà. Ó ti bọ́ sínú tiwọn."

"Tún un ṣírò."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti ṣe é."

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn tí o lè sọ di òdo, kí ìlà yẹn yà fún un?"

Gbólóhùn yìí ni kò kúrò létí mi.

"Ìlà tó tọ́ kì í yà, Papa. Ẹ ò tíì tẹ̀ka sí ìwé títà ilẹ̀ náà, àbí?"

Bàbá ń nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, tàdáwà ò kúrò.