Fáìlì Mẹ́ta Péré Ni Mo Fẹ́ Mú

Ta ló bẹ̀ wọ́n? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dá mi lóhùn, ta ló bẹ Bàbá Rọra pé kí wọ́n gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiwọn? Ṣé mo kúnlẹ̀ ni? Ṣé mo fà wọ́n láṣọ? Mi ò sọ nǹkan kan! Mo dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu ẹ̀ pọ̀, wọ́n sì dìde níwájú gbogbo ọ́fíìsì, wọ́n ní, "Èmi ni mo fi ránṣẹ́, mà," bí ẹni ń sọ pé òjò ti ṣú. Irú ìwà wo nìyẹn? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe èèyàn nìyẹn? Látàná ni mi ò ti fẹnu kan oúnjẹ, ẹ̀yin sì jókòó síbẹ̀, ẹ̀ ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà yín, ẹ̀ ń bi mí pé ṣé ibà ni.

Kì í ṣe ibà! Ìtìjú ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó yí ọkàn padà, ẹ má sì wò mí lójú bí mo ṣe ń sọ ọ́, bọ́tìnì yín ni kẹ́ ẹ máa wò.

Ẹ mọ Bàbá Rọra. Àwọn ló dàgbà jù níbi iṣẹ́ wa, wọ́n sì máa ń wọ súwẹ́tà aláwọ̀ eérú, oòrùn ì báà mú, òtútù ì báà mú. Èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ yẹn, nítorí kò sí ohun téèyàn fẹ́ ṣe tí wọn ò ní ní kó rọra. Tẹ́ ẹ bá rí bí wọ́n ṣe ń wá fáìlì! Fáìlì tó wà nínú kọ̀ǹpútà wa lé ní irinwó, ti gbogbo àwọn tá à ń bá ṣe ojú ìwé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, Bàbá á máa yí àtòkọ náà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa ka orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sẹ́nu, wúyẹ́wúyẹ́, bíi tíṣà tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì láàárọ̀. Èmi ńkọ́? Lẹ́tà mẹ́ta! Màá tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, màá kọ lẹ́tà mẹ́ta péré nínú orúkọ fáìlì tí mo ń wá, fíò, ó ti jáde. Tí mo bá fẹ́ mọ gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ kan wà nínú gbogbo iṣẹ́ wa, màá kọ ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, kọ̀ǹpútà á ti tò wọ́n sílẹ̀ fún mi kí Bàbá tó wọ awò ojú wọn. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta o! Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́. Ó dùn mọ́ mi débi pé tí wọ́n bá ti ń wá fáìlì, màá jókòó sẹ́yìn wọn, màá máa hanrun bí ẹni tó ti sùn lọ títí wọ́n á fi rí i.

Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Mo rí eyín yín. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n mi, ibi tọ́rọ̀ yìí ń lọ ò gba ẹ̀rín.

Lánàá, Bàbá lọ jẹun ọ̀sán, wọn ò pa kọ̀ǹpútà wọn. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lórí ojú ìwé mẹ́ta fún ẹnì kan tó ń ta báàgì, "Ẹ jọ̀wọ́" sì kún ibẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yan àwọ̀ tó wù yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ àdírẹ́sì yín. Ni mo bá sọ nínú ara mi pé màá sọ gbogbo "Ẹ jọ̀wọ́" yìí di "Ìgbín". Bàbá á dé, wọ́n á ṣí i, wọ́n á ka "Ìgbín, ẹ yan àwọ̀ tó wù yín." Wọ́n á bọ́ awò ojú, wọ́n á nù ún, wọ́n á tún un wọ̀. Màá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ìwọ ọmọ yìí, rọra," màá dá gbogbo ẹ̀ padà, ó parí! Eré ìṣẹ́jú méjì. Mo fi Ọlọ́run búra, eré ìṣẹ́jú méjì ni.

Fáìlì mẹ́ta péré ni mo fẹ́ mú. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, torí wọ́n ń sọ ọ́ níbi iṣẹ́ báyìí bí ẹni pé ọ̀daràn kan ló fẹ́ ba ilé iṣẹ́ jẹ́. Mẹ́ta! Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò sì tẹ̀ léra nínú àtòkọ, ọ̀kan wà lókè, ọ̀kan láàárín, ọ̀kan nísàlẹ̀ pátápátá. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, bọ́tìnì Control lèèyàn máa tẹ̀ mọ́lẹ̀, táá wá máa fi ọwọ́ kan fáìlì tó fẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí ò bá fọwọ́ kàn, kò ní sí nínú ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ Shift lèèyàn tẹ̀ mọ́lẹ̀, tó fọwọ́ kan tòkè, tó tún fọwọ́ kan tìsàlẹ̀, gbogbo èyí tó wà láàárín méjèèjì ló kó yẹn. Mo mọ̀ ọ́n, mo lè ṣe é lójú oorun! Ṣùgbọ́n ojú mi ò sí lára kọ̀ǹpútà, ẹnu ọ̀nà ni mò ń wò kí Bàbá má bàa ká mi mọ́ ibẹ̀. Ìka mi bọ́ sórí Shift. Àtòkọ di búlúù látòkè délẹ̀, mi ò wò ó. Kọ̀ǹpútà kọ ọ́ gàdàgbà pé fáìlì mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún tó ní "Ẹ jọ̀wọ́" nínú lòun fẹ́ yí padà, mi ò kà á. Mo ní kó yí gbogbo ẹ̀, ó yí i, mo pa á mọ́, mo sáré padà sórí àga mi, mo fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ẹ ní kí ló dé tí Bàbá ò rí i? Háà! Ibi tó ti ń dùn mí gan-an lẹ tẹ̀ yẹn! Lójoojúmọ́ tí mo ti débẹ̀, kí Bàbá tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí gbogbo fáìlì tó bá yí padà, wọ́n á wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kódà kó jẹ́ kọ́mà kan ni wọ́n fi kún un. Lójoojúmọ́! Lánàá, bí wọ́n ṣe ń wọlé báyìí ni Ọ̀gá kígbe láti yàrá tiwọn pé oníbáàgì ti ń pè lẹ́ẹ̀kẹta, kí Bàbá fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ kíá. Ta ló wá ń pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn wọn? Èmi! "Bàbá, ẹ yára! Bàbá, ẹ ò gbọ́ ni? Bàbá, ṣé kí n wá bá yín tẹ̀ ẹ́ ni?" Mo rò pé wọ́n máa ṣí i, kí wọ́n pàdé Ìgbín. Wọn ò ṣí i. Wọ́n yára. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n yára látìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, èmi ni mo lé wọn.

Mo sì rí i tó lọ o. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹnu mi ṣí, mo wá ní, ààh, ojú ìwé báàgì lásán ni, màá yọ́ tún un ṣe kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Kò pé wákàtí kan tí fóònù Ọ̀gá dún. Kì í ṣe oníbáàgì. Ẹ̀gbọ́n mi, ilé ìwòsàn ni. Èyí tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́ bí wọ́n ṣe máa tún rìn. Àwọn fáìlì tiwọn wà láàárín tòkè àti tìsàlẹ̀, wọ́n sì ti bá ti oníbáàgì lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Ìgbín, ẹ kọ orúkọ yín síbí." "Ìgbín, ẹ jẹ́ ká mọ̀ bí ẹ bá ń lo ọ̀pá." "Ìgbín, ẹ tètè dé." Ẹ tètè dé! Ẹ bo etí yín, ẹ má gbọ́ ọ.

Dókítà tó pè wá ní ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀, Ọ̀gá ṣí ohùn fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Obìnrin kan ni. Kò pariwo. Ìbá pariwo ni, ǹ bá mọ bí mo ṣe máa fi gbé e. Ó ní, "Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń kọ́ bí mo ṣe máa rìn látorí bẹ́ẹ̀dì dé ẹnu ọ̀nà. Àárọ̀ yìí ni mo débẹ̀ fúngbà àkọ́kọ́. Ta ni mo ṣẹ̀ nínú yín?"

Ẹ mọ ohun tí mo ṣe? Mo rẹ́rìn-ín. Kí ojú mi fọ́ tí mo bá purọ́, mo rẹ́rìn-ín! Kò dùn mọ́ mi o, omi ń bẹ lójú mi, ẹ̀rín burúkú yẹn kàn já jáde ní imú mi, mo yí i sí ikọ́. Gbogbo wọn rò pé ikọ́ ni. Bàbá nìkan ni wọ́n yíjú padà wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́. Wọ́n wá dìde.

"Èmi ni mo fi ránṣẹ́, mà. Mi ò wò ó kí n tó fi ránṣẹ́."

Ó kúkú jẹ́ òótọ́! Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, wọn ò parọ́ kankan. Orúkọ wọn ló wà lára iṣẹ́ náà, ọwọ́ wọn ló fi lọ. Ọ̀gá sọ̀rọ̀ sí wọn bí ẹni ń bá ọmọ kékeré tó tọ̀ sára wí, wọ́n ní ṣé àgbà tó tó báyìí ló ń fi àwọn aláìsàn ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní kí Bàbá mú kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì wá lónìí, ó pẹ́ tán, aago méjìlá ọ̀sán, kí wọ́n máa lọ. Bàbá ní, "Ó dáa, mà." Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, ẹ̀gbọ́n mi! Ta ló máa gbà wọ́n síṣẹ́ kọ̀ǹpútà, níbi tí irú èmi yìí pọ̀ sí, tí à ń fi lẹ́tà mẹ́ta wá fáìlì? Èmi sì jókòó síbẹ̀, mò ń wo ìka ẹsẹ̀ mi.

Ẹ dúró, kò tíì tán. Mo ní kí n tètè tún un ṣe, bóyá Ọ̀gá á rọ̀. Mo wá gbogbo "Ìgbín", mo ní kó sọ gbogbo ẹ̀ di "Ẹ jọ̀wọ́" padà, wàrà, lẹ́ẹ̀kan náà. Mi ò tún wò ó! Ẹ ò rí i pé orí mi ò pé? Ojú ìwé ẹnì kan tó ń ta ìwé ọmọdé wà nínú ẹ̀, ìtàn ìgbín gidi ló wà níbẹ̀. Ó wá di "Ẹ jọ̀wọ́ kan wà tó ń gbé abẹ́ òkúta. Ẹ jọ̀wọ́ yìí ní ìkarahun tó ń dán."

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín, èyí dára fún ẹ̀rín. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín.

Bàbá ló fa àga wọn wá. Ẹni tí wọ́n ti lé! Wọ́n ní, "Rọra. Tò wọ́n sílẹ̀, ká wò wọ́n." A ṣí mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá yẹ kó yí, a ó mú un, èyí tí kò bá yẹ, a ó yọ ọ́. Nígbà tá a dé ti ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é, wọ́n wo ibòmíràn. Wọn ò bi mí pé ṣé èmi ni. Wọn ò bi mí rí, látìgbà tí mo ti débẹ̀, pé kíláàsì wo ni mo ti kúrò nílé ìwé. Nígbà tá a parí, ẹ mọ ohun tí wọ́n bi mí? "Báwo lo ṣe máa ń fi lẹ́tà mẹ́ta pe fáìlì jáde yẹn?" Wọ́n mú bírò, wọ́n kọ ọ́ sórí pépà! Bọ́tìnì tí wọ́n á kọ́kọ́ tẹ̀, èyí tí wọ́n á tẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n dán an wò, fáìlì jáde, fíò, wọ́n wò mí bí ọmọdé tó rí bálúùnù, wọ́n ní, "O gbọ́n o." Tó bá dọjọ́ kejì, wọn ò ní sí lọ́fíìsì yẹn mọ́, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ mi! Ẹ wò ó, ìbá sàn kí wọ́n gbá mi létí. Ìbá sàn kí wọ́n fi bàtà nà mí. Kí ni mo fẹ́ fi "o gbọ́n" ṣe?

Kí lẹ wí? Pé kí n panu mọ́? Pé Bàbá ti gbà á, ó ti tán? Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀? Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ bẹ Ọ̀gá kí wọ́n tó gbà mí. Mo mọ̀ pé ọ̀rẹ́ yín ni wọ́n. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá lé mi, gbogbo àwọn tó ń sọ pé mi ò lè parí nǹkan kan láyé mi máa ní àwọn kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n sọ ọ́! Ṣé mo lè tún jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, kí àga Bàbá ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kí súwẹ́tà ẹnikẹ́ni má sí níbẹ̀, kí n wá máa wá fáìlì kíákíá?

Aago mélòó ló lù? Mọ́kànlá kọjá! Ẹ gbé ṣẹ́ẹ̀tì yẹn sílẹ̀. Ẹ bá mi pe Ọ̀gá, èmi ni mo ní kẹ́ ẹ pè wọ́n, nọ́ńbà yín ni wọ́n máa gbé. Ẹ má kí wọn pẹ́ o. Ẹ má sọ pé ọmọdé ni mí, ẹ má bá mi bẹ̀ wọ́n, ẹ gbọ́, ẹ ò gbọ́dọ̀ bá mi bẹ̀ wọ́n! Ẹ kàn ní àbúrò yín ní ọ̀rọ̀ láti sọ, kẹ́ ẹ gbé fóònù lé mi lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yẹn kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀ gbọin-gbọin, torí mo mọ ara mi, màá sá.