Mo Ní N Kò Gbọ́ Ohùn Adúmáadán

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi débi pé oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi mọ́. Ìdána ọmọ mi, Tóyìn, ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó sì ti fárígá pé àbúrò bàbá òun kò gbọdọ̀ yọjú síbẹ̀. Èmi ni mo fà á.

Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́rẹ́. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, àbúrò ọkọ mi obìnrin wá láti Ẹmùré, ó ń gbé ọ̀dọ̀ wa, ó ń lọ sílé ìwé girama. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Adúmáadán ni mo sọ ọ́. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni.

Lọ́jọ́ náà, a sá láfún sórí àpáta lẹ́yìn ilé, bí gbogbo àdúgbò ti máa ń ṣe. Mo jókòó sábẹ́ igi, mo ń máàkì ìwé ìdánwò. Láti ìdájí ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Tóyìn, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n sáré, ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Adúmáadán ní, "Àǹtí, mò ń lọ yí láfún tòkè yẹn padà o. Ẹ mójú tó Tóyìn."

Mo ní, "Ó dáa." Ẹ gbọ́ mi yé, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu mi ló dáhùn, orí mi kò sí níbẹ̀. Ojú mi là, ṣùgbọ́n n kò rí ohun tí mò ń wò. Igbe ọmọ ló jí mi. Tóyìn ti yọ̀ ṣubú láti orí àpáta.

Kí n tó débẹ̀, Adúmáadán ti sáré gbé e. Yéè! Ẹsẹ̀ ọmọ ti kán. N kò mọ ìgbà tí ọwọ́ mi lọ. Èmi, ìyàwó, mo gbá ọmọ ọkọ létí! Mo pariwo pé, "Ibo lo lọ? Ṣebí ìwọ lò ń ṣọ́ ọ!"

Ó ní, "Mo sọ fún yín, Àǹtí. Ẹ dá mi lóhùn."

Ní tòótọ́, n kò rántí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé ọmọ dé ọsibítù, ọ̀rọ̀ náà padà sí mi létí ketekete, ohùn rẹ̀ àti "ó dáa" tèmi. Ọkọ mi bi mí bóyá lóòótọ́ ni àbúrò òun sọ fún mi. Mo wò ó lójú, mo ní n kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó lé e padà sí Ẹmùré. Kò rí ẹni rán an nílé ìwé mọ́. Tóyìn ń tiro títí dòní, ohun tó sì mọ̀ ni pé àbúrò bàbá òun ló pa òun tì.

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ dókítà kan lórí rédíò. Ó ní bí ó bá rẹ ọpọlọ jù, apá kan nínú rẹ̀ lè máa sùn nígbà tí ojú ènìyàn ṣì là. Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wá, ibẹ̀ náà ni ìbínú òjijì ti ń wá. Inú mi dùn! Mo ní, ẹ ò rí i, kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ayọ̀ náà kò pẹ́. Bóyá ọpọlọ mi ń sùn nígbà tí mo ní "ó dáa". Bóyá ó ń sùn nígbà tí mo gbá a létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo parọ́ fún ọkọ mi, kò sí ibi kankan tó sùn nínú orí mi.

Adúmáadán ránṣẹ́ lánàá. Ó ní òun ti sá láfún tí àwọn àlejò máa jẹ, kí Àǹtí sọ ọjọ́ tí òun máa gbé e wá. Àǹtí ló ṣì ń pè mí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún Tóyìn àti bàbá rẹ̀ kí ìdána tó dé, àbí kó kọjá ná? Ọkàn mi ń sọ pé kó kọjá ná. Ọkàn yìí kan náà ló sọ fún mi ní ọsibítù lọ́jọ́sí pé kí n ní n kò gbọ́.